Fèrèsé Tí Mo Tì Mọ́ Ọmọ Ọlọ́mọ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí. Mo ti fi í bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nínú ìwé ìròyìn lọ́pọ̀ ìgbà, àwọn ènìyàn a sì máa ní mo mọ̀wé kọ. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́ fún yín, n ò mọ bí òwe náà ṣe rí lára ènìyàn àfi ìgbà tí èmi alára di ẹni tó ní, tí ọmọ ọlọ́mọ sì wá dúró lábẹ́ fèrèsé mi, tó ń wá ohun tí kò ní.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, n kò wá fọ́nnu lónìí. Ẹ̀ṣẹ̀ ni mo fẹ́ jẹ́wọ́. Ọ̀rọ̀ náà sì dá lórí àpótí kékeré kan tí kò tóbi ju Bíbélì lọ, tí wọ́n ń pè ní ráútà. Ẹni tí kò bá mọ ohun tí ń jẹ́ ráútà, kó fara balẹ̀, a máa dé ibẹ̀.

Nígbà tí mo wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́jọ, Òkè-Fòkò là ń gbé n'Ìbàdàn. Yàrá méjìlá ló wà nínú ilé náà, mẹ́fà lápá ọ̀tún, mẹ́fà lápá òsì, a kọjú síra wa. Kànga kan la ní, ilé ìdáná kan la ní, tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo ló sì wà nínú gbogbo ilé, ti bàbá onílé. Ṣé ẹ mọ̀ pé Ìbàdàn wa yìí náà ni wọ́n ti kọ́kọ́ dá ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ ní Nàìjíríà, lọ́dún 1959. Síbẹ̀, lẹ́yìn nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, ẹnì kan ṣoṣo ló ní in nínú ojúlé tiwa. Bí wọ́n bá ti fẹ́ ṣe eré Yorùbá lálẹ́, àwa ọmọ á sáré lọ síbi fèrèsé bàbá onílé. A ó gun òkúta, a ó gun garawa, a ó máa yọjú wo inú ilé bí ológìnní tó rí ẹja.

Lọ́jọ́ kan, n kò mọ ohun tó ń bí bàbá nínú, ó dìde lójijì, ó ti fèrèsé, ó fa kọ́tìnnì. A dúró níbẹ̀. À ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn ọmọ rẹ̀ nínú ilé, a kò sì mọ ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Màmá mi ló wá fà mí lọ́wọ́. Kò bú bàbá onílé, kò sì nà mí. Ó kàn ní, “Máa bọ̀, ọmọ mi. Ẹni tó ni nǹkan ló ni í.” Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo sọ ọ́ nínú ara mi pé bí mo bá dàgbà, tí mo sì ní, n ò ní ti fèrèsé mọ́ ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ ọmọdé nìyẹn.

Nígbà tí fóònù alágbèéká wọ Nàìjíríà lọ́dún 2001, mo ti jáde ilé ẹ̀kọ́ girama. Nígbà tó fi máa di 2004, mo ti ń bá ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kò sí kọ̀ǹpútà nílé mi. Kàfé là ń lọ láti lo íntánẹ́ẹ̀tì. Aago mẹ́wàá alẹ́ la ó wọlé, aago mẹ́fà òwúrọ̀ la ó jáde pẹ̀lú ojú pípọ́n, nítorí owó òru kò pọ̀ tó owó ọ̀sán. Àwo ńlá kan wà lórí òrùlé tó kọjú sójú ọ̀run. Okùn kan ti ibẹ̀ wọlé, ó wọ inú àpótí kan, àpótí náà sì pín in fún ogún kọ̀ǹpútà. Bí àwa mẹ́ta péré bá wà níbẹ̀, á máa sáré bí ẹṣin. Bí ogún bá pé, ó di ìjàpá. Èmi kò ronú sí i nígbà náà. Mo rò pé ajé ni wọ́n fi ń ṣe, n kò mọ̀ pé ohun kan náà ló máa wá wọ yàrá ìgbàlejò mi.

Oṣù kẹta ọdún 2020 ni àrùn Kòrónà dé bá wa tí wọ́n ti ilé ìwé pa káàkiri. Àpáta ni mò ń gbé nígbà náà, inú ilé alájà kan tí ìdílé mẹ́rin wà. Ọmọ mẹ́ta ni mo bí: ọmọbìnrin kan, lẹ́yìn náà àwọn ìbejì ọkùnrin. Ilé mi di ilé ìwé, ó di ọ́fíìsì, ó tún di ṣọ́ọ̀bù. Àwọn olùkọ́ ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù. Ọ̀gá mi ní kí n máa ti ilé kọ̀wé ránṣẹ́. Ìyàwó mi tó ń ta àǹkárá ń ya àwòrán aṣọ ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà. Dátà tèmi lọ́tọ̀, tìyàwó mi lọ́tọ̀, tàwọn ọmọ lọ́tọ̀. Kí oṣù tó dá sí méjì, owó oúnjẹ ti bọ́ sínú fóònù.

Àbúrò mi kan wà tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ọjọ́ tó wá kí wa, ó rí bí mo ṣe ń ra dátà sórí fóònù mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, ló bá bú sẹ́rìn-ín.

“Bọ̀ọ̀dá mi, kí lẹ̀ ń ṣe yìí? Ẹ̀yin márùn-ún nínú ilé kan, oníkálukú ń fi garawa tiẹ̀ lọ ra omi. Ẹ ò ṣe fa omi wọlé lẹ́ẹ̀kan, kí gbogbo yín máa pọn níbẹ̀?”

Mo ní, “Báwo lo ṣe fẹ́ fa íntánẹ́ẹ̀tì bí omi?”

Ọ̀sẹ̀ kejì ló bá mi ra ráútà, ó ki síìmù bọ̀ ọ́ lábẹ́, iná kéékèèké bẹ̀rẹ̀ sí tàn lójú rẹ̀. Mo bi í pé báwo ni àpótí yìí ṣe máa mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ìṣirò ni Táíwò ń wá, pé àǹkárá ni ìyá rẹ̀ ń fi ránṣẹ́, tí kò ní gbé àǹkárá fún Táíwò?

Ó ní, “Ẹ rántí bí lẹ́tà ṣe ń dé ọ̀dọ̀ wa nígbà tá a wà ní kékeré?”

Ta ni kò ní rántí? Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wà ní Kàdúná. Bó bá kọ lẹ́tà, kò lè kọ ọ́ sí ojúlé wa, nítorí kò sí ẹni tó máa gbé e débẹ̀. Àpótí lẹ́tà ilé ìwé wa ló máa ń kọ ọ́ sí, nípasẹ̀ ọ̀gá ilé ìwé. Àwọn bíi ogójì ìdílé ló ń lo àpótí kan yẹn. Ọ̀gá ilé ìwé á kó gbogbo rẹ̀ wálé, á pè wá lórí ìlà láàárọ̀, á fún oníkálukú ní tiẹ̀.

Àbúrò mi ní iṣẹ́ tí ráútà ń ṣe gan-an nìyẹn. Àdírẹ́sì kan ṣoṣo ni ayé fi mọ ilé mi. Ráútà fún fóònù kọ̀ọ̀kan àti kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tiẹ̀ nínú ilé, irú bíi 192.168.1.5. Nọ́ńbà náà kò níláárí lóde, bí ìgbà tí ènìyàn bá sọ pé “yàrá kẹta lápá òsì” ni. Yàrá kẹta wà nínú gbogbo ilé, kò sì dá ìjà sílẹ̀. Bí Táíwò bá béèrè nǹkan, ráútà á kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé Táíwò ló béèrè, á wá fi àdírẹ́sì ilé ránṣẹ́. Bí èsì bá dé, á wo ìwé rẹ̀, á fún Táíwò.

Ó tún ṣàlàyé fún mi pé ọ̀wọ́n àdírẹ́sì ló sọ ọ̀nà yìí di ti gbogbo ayé. Irú àdírẹ́sì tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ íntánẹ́ẹ̀tì kò ju bílíọ̀nù mẹ́rin ó lé díẹ̀ lọ. Nígbà náà, ó pọ̀ lójú wọn. Ṣùgbọ́n ayé ń pọ̀ sí i, fóònù ń pọ̀ sí i. Lọ́dún 1994 ni àwọn onímọ̀ kan ti kọ ọ́ sílẹ̀ bí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ṣe lè máa lo àdírẹ́sì kan náà. Nígbà tó di oṣù kejì ọdún 2011, àjọ tó ń pín àdírẹ́sì náà fún gbogbo ayé ti pín èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ tán. Àwọn onímọ̀ ti ṣe irú mìíràn tó pọ̀ ju yanrìn etí òkun lọ, ṣùgbọ́n ti àtijọ́ náà ṣì ń ṣiṣẹ́ títí dòní, àjọlò ni kò jẹ́ kó parí. Ẹ ò rí i? Àwọn òyìnbó tí à ń sọ pé wọn kì í jẹun nínú àwo kan náà, àwo kan ni wọ́n fi bọ́ ayé.

Inú kọ́bọ́ọ̀dù ni mo kọ́kọ́ gbé ráútà sí kí eruku má bà á jẹ́. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dé yàrá kejì. Àbúrò mi ní mo tan àtùpà tán, mo wá fi agbọ̀n dé e. Ó ní ìgbì tí à ń pè ní wáífáì kò fẹ́ràn ògiri bíríkì, kò fẹ́ràn irin, kò fẹ́ràn dígí ńlá, kò sì fẹ́ràn dúrọ́ọ̀mù omi. Oríṣi ìgbì méjì ló ń ti ara ráútà tiwa jáde: èyí tí wọ́n ń pè ní 2.4 ń rìn jìnnà ṣùgbọ́n kò yára. Èyí tí wọ́n ń pè ní 5 yára bí àṣá, ṣùgbọ́n ògiri kejì ló ti ń rẹ̀ ẹ́. A gbé àpótí náà kúrò nínú kọ́bọ́ọ̀dù, a gbé e sókè lẹ́bàá fèrèsé yàrá ìgbàlejò. Fèrèsé náà kọjú sí ẹ̀yìnkùlé. Ẹ̀yìnkùlé yẹn sì ni ilẹ̀kùn Ìyá Elélùbọ́ wà.

Ìyá Elélùbọ́ ju mi lọ dáadáa. Ọkọ rẹ̀ ti kú kí n tó kó dé ilé náà. Èlùbọ́ ló ń tà ní ọjà Bódìjà, òun nìkan ló sì ń tọ́ ọmọbìnrin kan tó kù sí i lọ́wọ́. Nígbà tí ilé ìwé wà ní títì, ọmọ náà kúnlẹ̀ níwájú mi, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé mo lè máa fi ti yín ṣe iṣẹ́ ilé ìwé?” Mo gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, mo tẹ páásíwọ̀ọ̀dù sí i. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ àgùnbánirọ̀ tó wà lókè náà. Inú mi dùn. Mo rántí Òkè-Fòkò, mo ní èmi kọ́ ni bàbá onílé yẹn.

Nítorí ògiri bíríkì, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í wọ yàrá wọn dáadáa. Ọmọ náà á gbé àpótí ìjókòó wá sábẹ́ fèrèsé mi nírọ̀lẹ́, á máa kàwé níbẹ̀. Bí mo bá ń kọ̀wé lálẹ́, mo máa ń rí iná fóònù rẹ̀ lára kọ́tìnnì. Ó mọ́ mi lára.

Ọdún méjì kọjá bẹ́ẹ̀. Nígbà tó di oṣù kẹjọ ọdún 2022, ọmọ náà ti parí ilé ẹ̀kọ́ girama. GB 75 ni mò ń rà fún oṣù kan, ó sì máa ń tó wa. Lóṣù yẹn, ọjọ́ kẹsàn-án ni iná ráútà di pupa. Dátà ti tán! Mo kígbe. Mo pe àwọn ọmọ jọ, wọ́n ní àwọn ò mọ̀. Mo bi ìyàwó mi, ó ní àǹkárá kì í jẹ dátà tó bẹ́ẹ̀. Ọkàn mi bá lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Mo ní, “Ọmọ yẹn ni. Ó ti parí ilé ìwé, kí ló ń wò lórí fóònù láti ìrọ̀lẹ́ dòru?”

Ìyàwó mi ní, “Bàbá Ìbejì, ẹ ṣe sùúrù. Ẹ bi í ná.”

N kò bi í. Mo ra dátà mìíràn, mo sì yí páásíwọ̀ọ̀dù padà láì sọ fún ẹnikẹ́ni lóde. Mo tún wá àwíjàre fún ara mi. Mo ní, ṣé kì í ṣe àdírẹ́sì kan ni ayé fi mọ ilé mi? Bí ẹlòmíràn bá fi lu jìbìtì, ọ̀dọ̀ mi ni ọlọ́pàá máa kọ́kọ́ wá. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ yẹn, ó sì yẹ kí ẹni tó bá ń fún ènìyàn ní páásíwọ̀ọ̀dù mọ ẹni tó ń fún. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù ọlọ́pàá kọ́ ló mú mi ṣe é. Ahun ni.

Lálẹ́ ọjọ́ kejì, ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án, ọmọ náà kanlẹ̀kùn. Ó kúnlẹ̀. “Ẹ kú alẹ́ sà. Ẹ jọ̀ọ́, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò gbà lórí fóònù mi. Mo fẹ́ fi nǹkan kan ránṣẹ́ ni.”

Mo ní, “Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa lónìí. Ó lè dáa tó bá dọ̀la.”

Ó wò mí díẹ̀. Ó ní, “Ẹ ṣé sà.”

N kò bi í pé kí ló fẹ́ fi ránṣẹ́. Mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà mi. Mo rí iná fóònù rẹ̀ lára kọ́tìnnì, ó ń tàn, ó ń kú, ó ń tàn, ó ń kú. Nígbà tó pẹ́, mo dìde, mo ti fèrèsé, mo sì fa kọ́tìnnì kejì bò ó, mo ní ẹ̀fọn ń wọlé.

Ọjọ́ karùn-ún lẹ́yìn ìyẹn ni àbúrò mi yà. Mo ròyìn fún un bí àwọn aládùúgbò ṣe fẹ́ jẹ mí run. Kò fèsì. Ó ṣí kọ̀ǹpútà mi, ó wọ ojú ìwé ráútà náà, ó tẹ nǹkan méjì mẹ́ta, gbogbo ohun tó wà lórí ìlà mi sì tò bẹẹrẹ, pẹ̀lú iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ. Ráútà tiwa jẹ́ irú èyí tó ń pa á mọ́.

Nínú GB 75 tó tán lọ́jọ́ mẹ́sàn-án, tẹlifíṣọ̀n inú ilé mi nìkan jẹ 57. Ìsinmi ni àwọn ọmọ wà. Bí èmi bá ti lọ síbi iṣẹ́, tí ìyá wọn lọ sọ́jà, àwọn ìbejì á máa wo bọ́ọ̀lù àti àwòrán lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tó mọ́ kedere jù lọ ni wọ́n sì ń wò. Wákàtí kan irú rẹ̀ lè jẹ tó GB 3. Bí wọ́n bá wo wákàtí méjì péré lójúmọ́, ẹ fúnra yín ẹ ṣírò rẹ̀. Kọ̀ǹpútà tí mo fi ń kọ̀wé sí yín yìí jẹ 9: ó ń tún ara rẹ̀ ṣe lóru láì sọ fún mi. Fóònù inú ilé wa lápapọ̀ jẹ 6. Gbogbo ará ìta, àti ọmọ Ìyá Elélùbọ́ àti ọmọ àgùnbánirọ̀, wọn kò jẹ ju 3 lọ. Ti ọmọ náà nìkan kò pé 1.

Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.

Mo bi àbúrò mi pé, “Nígbà tí mo yí páásíwọ̀ọ̀dù padà, kí ni ọmọ náà máa rí lójú fóònù rẹ̀?”

Ó ní, “Fóònù á sọ fún un pé páásíwọ̀ọ̀dù kò bára mu ni. Kò ní sọ pé kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì.”

Ara mi bù máṣọ. Ọmọ náà ti mọ̀! Nígbà tí mò ń sọ fún un pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa, ó ti mọ̀ pé irọ́ ni àgbàlagbà tó bí ìbejì ń pa, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ibi tí mo ti ń wá ọ̀nà tí mo máa gbà lọ bá wọn ni Ìyá Elélùbọ́ ti wọlé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó gbé èlùbọ́ kóńgò kan dání. Kó tó jókòó ló ti ń bẹ̀ mí.

“Bàbá Ìbejì, ẹ má bínú. Ọmọ mi ní òun ò mọ ohun tí òun fi ṣẹ̀ yín, ṣùgbọ́n òun mọ̀ pé inú ń bí yín. Ọmọdé ni. Ẹ bá mi dárí jì í.”

Mo ní, “Màmá, kí ló fẹ́ fi ránṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn?”

Ó ní fọ́ọ̀mù ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ni. Àwọn ti san owó rẹ̀, gbogbo owó ọwọ́ àwọn ló lọ sí i. Èsì ìdánwò àti fọ́tò ló kù kí ó gbé sórí rẹ̀, aago méjìlá òru ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n sì máa tì í. Nígbà tí ti abẹ́ fèrèsé kò gbà, ọmọ náà rìn lọ sí oríta, gbogbo ṣọ́ọ̀bù ti tì. Ó ní, “Kò burú. Bí Ọlọ́run bá fẹ́, á tún gbà á lọ́dún tó ń bọ̀.”

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ìyá náà ń pariwo pé “Ẹ dìde, ẹ dìde, kí ló dé?” N kò dìde títí mo fi sọ gbogbo rẹ̀ fún un, àti páásíwọ̀ọ̀dù, àti irọ́, àti tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tí mo parí, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ní, “Ẹni tó ni nǹkan ló ni í, Bàbá Ìbejì. Ṣùgbọ́n ẹ̀ bá ti sọ fún un. À bá wá owó dátà yá.”

Ọ̀rọ̀ màmá mi gan-an ló sọ yẹn, kò sì mọ̀.

Mo ké sí ọmọ náà, mo tọrọ àforíjì níwájú ìyá rẹ̀ àti níwájú àwọn ọmọ mi. Ó ní kò sí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ọdún kan ọmọ ènìyàn kì í ṣe nǹkan tí wọ́n ń rà padà ní GB. Gbogbo ọdún yẹn ni mo fi ń rí i tó ń tẹ̀lé ìyá rẹ̀ lọ sí Bódìjà láàárọ̀, pẹ̀lú igbá èlùbọ́ lórí.

Àbúrò mi bá wa tún ilé ṣe. Ohun tó ṣe kò le, ẹ̀yin náà lè ṣe é. Lákọ̀ọ́kọ́, ó yí páásíwọ̀ọ̀dù tí wọ́n fi ń wọ inú ráútà fúnra rẹ̀ padà, nítorí ẹnikẹ́ni tó bá ka èyí tí wọ́n kọ sábẹ́ àpótí náà lè di ọ̀gá lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó ṣí ẹnu ọ̀nà àlejò. Orúkọ wáífáì mìíràn ni, ó ní páásíwọ̀ọ̀dù tiẹ̀. Ẹni tó bá gba ibẹ̀ wọlé á rí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n kò ní rí kọ̀ǹpútà mi àti ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó dín bí àwòrán orí tẹlifíṣọ̀n ṣe mọ́ tó kù, kò sì sẹ́ni tó kú nínú àwọn ìbejì. Ó ní kí kọ̀ǹpútà máa béèrè lọ́wọ́ mi kó tó tún ara rẹ̀ ṣe. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wá ń yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ènìyàn pọ̀ sí i lórí rẹ̀.

Ìyá Elélùbọ́ kọ̀ láti máa lò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ní ohun tí ènìyàn bá dáwó sí ni ọkàn rẹ̀ ń balẹ̀ lórí rẹ̀. A bá sọ ọ́ di èésú: ìdílé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń dáwó lóṣooṣù, bí agbára kálukú bá ṣe mọ. Àkọsílẹ̀ ń bẹ lára ògiri àtẹ̀gùn. Bí dátà bá ń yára tán, a ó jùmọ̀ wo ìwé ráútà kí ẹnikẹ́ni tó fura sí ẹnikẹ́ni.

Lọ́dún 2023, ọmọ náà tún gba fọ́ọ̀mù. Mo ní kó wọlé wá jókòó sórí àga mi, níwájú kọ̀ǹpútà mi. Ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó tì í ló ti fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́. Wọ́n mú un. Ọjọ́ tó ń kó ẹrù lọ, ó kúnlẹ̀ kí mi bó ṣe máa ń kí mi, kò dín, kò lé. Èmi ni n kò lè wo ojú rẹ̀ tààrà.

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, okùn íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin tó gba abẹ́ òkun kọjá bàjẹ́ nítòsí Abidjan, íntánẹ́ẹ̀tì sì dojú rú ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Gbogbo wa jáde sẹ́yìnkùlé, oníkálukú ń gbé fóònù sókè bí ẹni tó ń wá òjò. Ọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé òkè kígbe pé, “Bàbá Ìbejì, àbí ẹ ti tì í ni?” Ẹnikẹ́ni kò sọ ìtàn fún un, àwàdà lásán ló ń ṣe. Kí n tó sọ̀rọ̀, Ìyá Elélùbọ́ dá a lóhùn láti ibi tó ti ń kú èlùbọ́, “Rárá o. Ìyẹn ti kọjá. Ti òní kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀.”

Nígbà tí àjọ NCC gbà fún àwọn ilé iṣẹ́ fóònù ní oṣù kìíní ọdún 2025 pé kí wọ́n fi owó kún owó wọn, kó má ju ìdajì lọ, a pe ìpàdé lórí àtẹ̀gùn. Èmi rò pé èésú máa tú ká. Ìyá Elélùbọ́ ló kọ́kọ́ tú owó ní etí ìró rẹ̀, ó kà á sí mi lọ́wọ́.

Bàbá onílé Òkè-Fòkò ti kú tipẹ́. Mo ti bú u púpọ̀ nínú ọkàn mi láti kékeré, mo wá bẹ̀rẹ̀ sí rò ó pé bóyá ohun kan ló ń dùn ún lálẹ́ ọjọ́ yẹn tí àwa ọmọdé kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ó sàn jù mí lọ níbì kan: ojú wa ló ti ti fèrèsé tiẹ̀. Kò sọ fún wa pé tẹlifíṣọ̀n bàjẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, n kò ní kí ẹ ṣí ilé yín kalẹ̀ fún olè. Ẹ ti ohun tó bá yẹ ní títì. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ tì í, ẹ sọ fún ẹni tó wà lóde, kó lè tètè mọ ọ̀nà mìíràn tó máa gbà kí ilẹ̀ tó ṣú. Kẹ́ ẹ sì tó bínú sí i, ẹ kọ́kọ́ wo ìdí ẹ̀fọ́ tiyín.